"Overcrowded": báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún màámi?

Àdùkẹ́ Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù · Ọjọ́ Ajé, 7:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé mi wá síbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà káńsù dé. Ó ti tó ọdún méjì tí a ti ń bẹ̀ wọ́n fún ilé tó tóbi ju èyí lọ. Wọ́n wá wo ilé, wọ́n ka yàrá, wọ́n ka orí, wọ́n wá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ilé wa jẹ́ "statutorily overcrowded". Díẹ̀ ló kù kí ọkọ mi jó, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń sún ènìyàn síwájú lórí ìlà àwọn tó ń wá ilé.

Ni mo bá pe màámi ní Ìkìrun kí wọ́n bá wa yọ̀. Mo ní, "Màámi, káńsù ti gbà pé èrò inú ilé wa ti pọ̀ jù."

Ẹ gbà mí! "Ta ni èrò? Ọmọ mẹ́rin tí Ọlọ́run fi ta ẹ́ lọ́rẹ ni òyìnbó ń pè ní èrò? Èwo ni wọ́n fẹ́ mú lọ nínú wọn?" Wọ́n pa fóònù. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni à ń pe "overcrowded" ní Yorùbá tí kò ní dá ìjà sílẹ̀?

Ọmọ Ọ̀ṣun · 7:52 alẹ́

Mólùé. Ìbéèrè tó kàn.

Òótọ́ Korò · 8:05 alẹ́

Màmá ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́. Ọmọ mẹ́rin nínú ilé tóóró? Àwọn àgbà ní ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. "Overpopulated" ló yẹ kí wọ́n kọ sínú lẹ́tà yẹn.

Tísà Fẹ́yìntì · 8:31 alẹ́

Òótọ́ Korò, rọra. Kò sẹ́ni tó bi ọ́ ní iye ọmọ tó yẹ kí ènìyàn bí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. "Overpopulated" jẹ mọ́ ìlú, erékùṣù tàbí orílẹ̀-èdè tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ti ju ohun tí omi, oúnjẹ àti ilẹ̀ ibẹ̀ lè bọ́ lọ. A kì í lò ó fún yàrá. Yàrá, ọkọ̀, kíláàsì, wọ́ọ̀dù ọsibítù, ọgbà ẹ̀wọ̀n, "overcrowded" ni tiwọn.

Àdùkẹ́ ọmọ mi, jẹ́ ká tú u palẹ̀. "Over" tó wà níwájú ni "jù" tiwa. "Crowd" ńkọ́? Láyé àtijọ́, "crūdan" làwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí a ti nǹkan, kí a fi agbára rọ́ ọ síwájú. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kó tó di ọ̀rọ̀-orúkọ. Títì ló ṣáájú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ rí ní Ọ̀ṣòdì láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti mọ "crūdan" láìwọ yunifásítì.

Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ o. Tí mo bá ní ọjà "crowded", n kò bú ọjà. Inú ọlọ́jà ń dùn nígbà yẹn. Tí mo bá ní ó "overcrowded", mo ti ń fẹ̀sùn kan ẹnì kan: ó ní iye tó yẹ kó wà níbẹ̀, wọ́n sì ti kọjá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "too overcrowded" tí ẹ máa ń kọ nínú àròkọ fi ń dùn mí wọra. "Jù" ti wà nínú ikùn ọ̀rọ̀ náà, ẹ tún wá gbé "jù" mìíràn gùn ún lẹ́yìn. Ní tèmi, "kún àkúnfàya" ni mo máa kọ.

Kọ̀ńdọ́ Àná · 9:10 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tísà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó fi iṣẹ́ yẹn jẹun sọ tiẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn mólùé, kí n tó bọ́ sídìí dánfó.

Lẹ́nu kọ̀ńdọ́, "kún" kì í ṣe ẹ̀sùn, ayọ̀ ni. "Ó ti kún, dírẹ́bà, máa lọ!" Bí ọkọ̀ ò bá kún, kí la fẹ́ jẹ? Kódà tó bá ti kún, a ṣì máa pariwo pé "ó ku ẹnì kan". Bẹ́ǹṣì dánfó tí wọ́n ṣe fún ènìyàn mẹ́ta, "mẹ́rin-mẹ́rin ni o" la ti máa ń sọ kẹ́nikẹ́ni tó wọlé, kó má lọ di ìjà lójú ọ̀nà. Ẹ sún mọ́ra. Ìyá, ẹ bá mi gbé ọmọ yẹn lé itan. Àyè wà lẹ́yìn. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀, àyè kankan ò sí lẹ́yìn.

Ohun tí èrò fi ń dá wa lóhùn ló yẹ kẹ́ ẹ gbọ́. N ò gbọ́ ọ rí kí èrò sọ pé "ọkọ̀ yìí kún jù". "Ibí ti há!" ni wọ́n máa ń wí. "Kọ̀ńdọ́, ṣé ojú ẹ fọ́ ni, ṣé o ò rí i pé ibí há ni?" "Há" ni Yorùbá "overcrowded", kó há gádígádí. Nígbà tí BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kẹta 2008 láti Mile 12 dé CMS, wọ́n ní òun ló máa pa mólùé. Mólùé kú lóòótọ́. Ẹ lọ wọ BRT nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá híhá bá a kú.

Àdùkẹ́ Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù · 9:24 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, Bọ̀dá Kọ̀ńdọ́. "Ilé wa há." Màámi á gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni kì í sọ pé ilé òun há? Ti káńsù yìí ní òfin nídìí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé òfin yẹn wọ inú rẹ̀?

Agbẹjọ́rò Kékeré · 10:02 alẹ́

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú oríire. "Statutorily", ìyẹn "lójú òfin", ló wúwo jù nínú lẹ́tà yín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ara ń ni yín nínú ilé nìkan kò tó. Òfin ilé gbígbé ọdún 1985, Housing Act, ló ní òṣùwọ̀n méjì tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Láti òfin ọdún 1935 ni wọ́n ti ń lo irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yí i padà.

Ọ̀kan ń ka orí mọ́ yàrá. Yàrá kan, ènìyàn méjì. Yàrá méjì, mẹ́ta. Yàrá mẹ́ta, márùn-ún. Yàrá mẹ́rin, méje àtààbọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ààbọ̀ ènìyàn wà nínú òfin: ọmọ tó ti pé ọdún kan ṣùgbọ́n tí kò tíì pé mẹ́wàá, ààbọ̀ ni wọ́n ń kà á sí. Èyí tí kò tíì pé ọdún kan, wọn ò kà á rárá. Pálọ̀ sì wà lára yàrá, nítorí wọ́n gbà pé ènìyàn lè sùn níbẹ̀. Tí yàrá bá kéré, iye yẹn tún máa dín kù.

Òṣùwọ̀n kejì ń wo akọ àti abo. Tó bá di pé ọkùnrin àti obìnrin tí wọn kì í ṣe tọkọtaya ní láti sùn sí yàrá kan náà, ilé ti há lójú òfin. Wọn ò ka ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá mọ́ èyí. Báwo làwọn ọmọ yín ṣe dàgbà tó?

Àdùkẹ́ Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù · 10:15 alẹ́

Obìnrin, ọdún 13. Ọkùnrin, 11. Obìnrin, 6. Àbíkẹ́yìn jẹ́ obìnrin, oṣù mẹ́jọ. Yàrá kan àti pálọ̀.

Agbẹjọ́rò Kékeré · 10:27 alẹ́

Ó dáa. Ẹ̀yin àti ọkọ yín, méjì. Ọlọ́dún 13 àti ọlọ́dún 11, méjì. Ọlọ́dún 6, ààbọ̀. Olóṣù mẹ́jọ, òdo. Mẹ́rin àtààbọ̀ nínú yàrá méjì tó yẹ kó gba mẹ́ta. Òṣùwọ̀n orí ló gbé yín wọlé. Ti akọ àti abo, ẹ ò yege níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù · 10:29 alẹ́

Kí ló dé? Ọmọbìnrin ọdún 13 àti ọmọkùnrin ọdún 11!

Agbẹjọ́rò Kékeré · 10:34 alẹ́

Òfin gbà pé ẹ lè kó àwọn obìnrin sọ́dọ̀ nínú yàrá, kí bàbá wọn máa bá ọmọkùnrin sùn ní pálọ̀. Kò síbi tó ti ní tọkọtaya gbọ́dọ̀ sùn pọ̀.

Ọmọ Ọ̀ṣun · 10:36 alẹ́

Yéè! Òfin ti lé ọkọ sí pálọ̀!

Àdùkẹ́ Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù · 10:41 alẹ́

Ọmọ Ọ̀ṣun, ọkọ mi ń kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò rẹ́rìn-ín o.

Bàbá Alágbàdo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:12 àárọ̀

Ẹ ò jí ire bí? Oko ni mo wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège.

"Há" tí Kọ̀ńdọ́ mú wá dára, ṣùgbọ́n ó ní ẹnìkejì. Àwa lóko ní "fún". Tí mo bá ju hóró àgbàdo mẹ́ta-mẹ́rin sínú ihò kan tí gbogbo wọn sì hù, mi ò lè sọ pé oko há. Oko fẹ̀ lọ salalu. Àgbàdo ló fún. Mo ní láti fà lára wọn tu kó ku méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á kàn máa ga tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọmọ tí wọ́n máa yọ ò ní tó nǹkan. Ilé adìyẹ ló ń há. Tó bá há, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá ara wọn jẹ, bí ojú wọn bá sì ti kan ẹ̀jẹ̀, àfi kí o yára yọ èyí tó fara gbọgbẹ́ kúrò. Ẹja àrọ̀ burú ju ìyẹn lọ, ńlá á kàn gbé kékeré mì ni.

Àlàfo tó wà láàárín nǹkan àti ìkejì rẹ̀ ni "fún" ń wò. "Há" ń wo ògiri. Òyìnbó rọ́ méjèèjì sínú ọ̀rọ̀ kan, ó wá dà bí ẹni pé àwọn tó wà nínú ilé ló jẹ̀bi. Ṣé ẹ rí i báyìí ìdí tí Màmá Ìkìrun fi bínú? Ògiri ló yẹ kí a bá wí.

Ọmọ Ọ̀ṣun · 7:30 àárọ̀

Ẹ fi "tò bíi sáàdínì inú agolo" kún un o.

Tísà Fẹ́yìntì · 8:20 àárọ̀

Bàbá Alágbàdo, mo júbà. Mo gba "fún", mo gba "há". Ṣùgbọ́n sáàdínì yẹn, ẹ jẹ́ ká dá a padà fún àwọn tó ni ín. Gẹ̀ẹ́sì ni, agolo rẹ̀ ló bá a wá. Àwọn bàbá wa ò mọ sáàdínì, wọ́n sì mọ ibi tó há. Wọ́n ní ibẹ̀ ò gbẹsẹ̀, ò gbèrò. Wọ́n ní èrò pọ̀ bí eṣú. Ẹ má sì ṣe kó gbogbo "kún" pọ̀: dẹ́múdẹ́mú, ti omi nínú ìkòkò ni, bámúbámú, ikùn tó yó ló ni ín, gbọ̀ngàn ló ń kún fọ́fọ́.

Ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn oníròyìn wa máa ń kọ "prison congestion" níbi tí àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ "prison overcrowding". Mo kà á sí àṣìlò. "Congestion" jẹ mọ́ ohun tó yẹ kó máa ṣàn tàbí kó máa lọ, tí kò wá rí ọ̀nà lọ mọ́: imú tó dí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, èbúté. Mo jẹ́ akọ̀wé kékeré ní Àpápá ní 1975. Ìjọba Gowon ti ra sìmẹ́ńtì tó tó 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ohun tí èbúté náà lè já lọ́dún ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi ló tò sórí òkun, tí sìmẹ́ńtì ń dì nínú wọn, tí owó ìdúró wọn sì ń gorí ara. Ìyẹn ni "congestion". Òkun ò há o. Ẹnu ọ̀nà ló dí.

Agbẹjọ́rò Kékeré · 9:05 àárọ̀

Tísà, ẹ foríjì mí, mi ò gbà fún yín lórí ti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ọgbà Ìkòyí, 1955 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n 800 ni wọ́n sì ṣe é fún. Ó ti gba ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ. Tẹ́ ẹ bá wo yàrá tí wọ́n ń sùn, "overcrowded" ni. Ṣùgbọ́n kí ló fà á? Ju ìdajì lọ nínú àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n jákèjádò Nàìjíríà ni wọn ò tíì dá lẹ́jọ́. Wọ́n ń dúró de ilé ẹjọ́ ni, àwọn mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹjọ́ ló yẹ kó máa ṣàn, kò sì ṣàn, bí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì yín ló rí gẹ́lẹ́. Ẹni tó kọ "congestion" ń nàka sí kóòtù. Ẹni tó kọ "overcrowding" ń wo béèdì. Òfin tuntun ti ọdún 2019 tilẹ̀ fún àwọn alákòóso lágbára láti kọ ẹlẹ́wọ̀n tuntun nígbà tí ọgbà bá ti kún. N ò tíì bá adájọ́ kan pàdé tí wọ́n kọ ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀.

Tísà Fẹ́yìntì · 9:17 àárọ̀

Mo gbọ́. Èmi ló yẹ kí wọ́n padà fi sí kíláàsì.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn · 1:48 ọ̀sán

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, kí n tó rántí ọ̀rọ̀ kan tí wọn ò lò bó ṣe yẹ nílùú wa níbí. Ní 18 oṣù Kejìlá 2024, wọ́n pe àwọn ọmọdé wá sí àríyá nínú ọgbà ilé ìwé kan. Ọmọ 35 ni kò padà sílé. "Stampede" ni gbogbo ìwé ìròyìn kọ. Rédíò ní "ìtẹ̀mọ́lẹ̀".

Bí ènìyàn bá gbọ́ "stampede", ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni màlúù tó ń sá. Á dà bí ẹni pé àwọn tó wà níbẹ̀ ló ya wèrè tí wọ́n ń tẹ ara wọn pa. Àwọn tó mọ̀ nípa ààbò níbi èrò kì í fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró. Tí ènìyàn bá ti ju márùn-ún lọ lórí rẹ̀, ewu ti dé. Bó bá tún lé sí i, kò sẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níkàáwọ́ rẹ̀ mọ́, gbogbo wọn á máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí omi. Nínú irú jàǹbá bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń kú lórí ìdúró. Àyà ò rí àyè fẹ̀, èémí ò wọlé. Ẹnikẹ́ni ò ní láti sá, ẹnikẹ́ni ò sì ní láti tẹ ẹnì kan.

Nítorí náà, "fún" ti Bàbá Alágbàdo ni màá lò níbẹ̀. Wọ́n fún pa ni.

Ọmọ Ọ̀ṣun · 1:59 ọ̀sán

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì.

Òótọ́ Korò · 4:26 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ mi àná. Àdùkẹ́, má bínú.

Ilé fésì-mí-àì-fésì-yù ni mo dàgbà sí ní Múṣín. Àwa méje ni yàrá kan. Bàbá àti ìyá wa ló ni béèdì, kọ́tìnì ló pààlà, àwa yòókù tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ lóru á tẹ orí ẹnì kan kó tó débi ilẹ̀kùn. UN-Habitat, àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ibùgbé, ní bí ènìyàn bá ti ju mẹ́ta lọ nínú yàrá kan, ó ti há jù. Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí wa rí. Onílé nìkan ló ń ka orí wa, nítorí owó iná.

Iye ọmọ rẹ kọ́ ló ń dùn mí lánàá. Àwọn kan ti ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gba ilé, àwa ò ní.

Àdùkẹ́ Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù · 4:50 ìrọ̀lẹ́

Kò sí ìbínú, ẹ̀gbọ́n. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó ní ti kọ́tìnì yẹn ló jọ ilé tiwọn.

Kọ̀ńdọ́ Àná · 5:15 ìrọ̀lẹ́

Múṣín! Àdúgbò wo? Ó lè jẹ́ pé mo ti gbé ẹ rí, kí n má sì fún ẹ ní ṣéńjì.

Àdùkẹ́ Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù · Ọjọ́rú, 9:33 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ gbé fóònù, ó ní inú wọn ti rọ̀ díẹ̀. Mo kí wọn, mo kúnlẹ̀ sórí fóònù níbi tí wọn ò ti rí mi. Mo wá sọ ọ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi: "Màámi, ilé ló há, ọmọ ò pọ̀. Òfin ní ilé yìí kéré sí iye ènìyàn tí a jẹ́, kò gbà wá mọ́."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ohun tí ò bá ti sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ṣé wọ́n á wá fún yín ní èyí tó gbà yín?"

Mo ní a ti súnwájú lórí ìlà.

Wọ́n ní, "Ìlà yẹn ńkọ́? Ṣé òun ò há?"